Ojú písítìnì nínú ẹ́ńjìnnì àlòkù: dúdú ni kí n sá fún ni, àbí èyí tó mọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo fẹ́ ra Corolla 2005 kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Rìǹgì Róòdù, n'Ìbàdàn. Tòkunbọ̀ ló rà á, ó sì ti lò ó fún ọdún mẹ́ta. Mo mú mẹkáníìkì mi lọ wò ó. Ó yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ti kámẹ́rà tín-ín-rín tí wọ́n ń so mọ́ fóònù bọ inú ihò wọn, a sì jọ wò ó. Orí písítìnì kìíní, ìkejì àti ìkẹrin dúdú bí ìdí ìkòkò alákàrà. Ìkẹta nìkan ló mọ́, àfi bíi pé wọ́n fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́. Mẹkáníìkì mi ní àwọn mẹ́ta tó dúdú ti ń mu ọ́ìlì, pé ìkẹta nìkan ló ṣẹ́kù tó dára. Ẹni tó ń ta mọ́tò ní irọ́ ni, epo burúkú ló fà á. Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú wọn? Kí n rà á, àbí kí n bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀?

* * *

Àbúrò, nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó gbà á. Mẹ́ta tó dúdú yẹn kò bà mí lẹ́rù. Ìkẹta tí mẹkáníìkì rẹ ń yìn ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Rò ó wò. Písítìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń jẹ epo kan náà, wọ́n ń mí afẹ́fẹ́ kan náà, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì jọ ń rìn láti ọdún mẹ́ta. Bí mẹ́ta bá dúdú tí ọ̀kan sì mọ́, á jẹ́ pé nǹkan kan ń wọ inú ọ̀kan yẹn tí kò wọ inú àwọn yòókù, tàbí kó jẹ́ pé ẹnìkan ti débẹ̀ ṣáájú yín. Omi ni mo kọ́kọ́ ń fura sí. Bí tọ́ọ̀pù gáásìkẹ́ẹ̀tì (ohun tó ń dí àárín tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, àti ara rẹ̀) bá ti jó díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà kan, ìyẹn ihò tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀, omi rédíétọ̀ á máa kán síbẹ̀, iná inú ẹ́ńjìnnì á sọ ọ́ di ooru omi gbígbóná, yóò sì máa ṣí èédú kúrò lórí písítìnì títí irin á fi hàn. Ẹni tó bá ti da omi sínú ìkòkò tí ọbẹ̀ jóná mọ́ nídìí mọ bó ṣe ń rí.

Padà lọ síbẹ̀. Má ṣe bí ọlọ́pàá. Bi ọkùnrin náà léèrè, bí ẹni ń ṣàwàdà, pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ń bu omi sí rédíétọ̀ lọ́sẹ̀. Bó bá dáhùn pé "kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ", ó ti dá ọ lóhùn. Rédíétọ̀ tó pé kì í béèrè omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ "dúdú ni, ó ń mu ọ́ìlì" yìí, kò sí ọgbà mẹkáníìkì tí wọn kì í ti í sọ ọ́ ní Ìbàdàn. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní ẹ̀yìn Géètì náà gbà á gbọ́ títí tó fi fi iṣẹ́ sílẹ̀. Dúdú pọ̀ oríṣiríṣi ni mo máa ń sọ.

Dúdú gbígbẹ wà, tó dà bí ẹ̀yìn ìkòkò tí wọ́n fi igi dáná sí. Bí o bá fi ìka kan púlọ́ọ̀gì rẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ bí àtíkè. Epo tó pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ ló ń fa irú èyí. Ìwọ̀n tó yẹ kí ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù máa jẹ ni afẹ́fẹ́ 14.7 sí epo 1, ní ìwúwo. Bí fílítà afẹ́fẹ́ bá dí, bí ínjẹ́kítọ̀ (ẹnu tó ń fọ́n epo) bá ń jò, bí sẹ́ńsọ̀ tó wà lára sàlẹ́ńsà bá ti kú, tàbí tí púlọ́ọ̀gì kò tanná dáadáa, epo á ṣẹ́kù láì jóná, á sì di èédú.

Dúdú olómi wà, tó ń dán, tó sì ń yọ̀ bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi epo pò. Ìyẹn ni ọ́ìlì.

Kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú kì í fi ìyàtọ̀ méjèèjì hàn dáadáa, nítorí iná orí rẹ̀ ń mú kí ohun gbogbo máa dán. Púlọ́ọ̀gì tó wà lọ́wọ́ rẹ ni kí o wò. Bí orí písítìnì bá dúdú tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sì gbẹ, fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Bí tánganran púlọ́ọ̀gì, ìyẹn apá funfun orí rẹ̀, bá ní àwọ̀ bíi bísíkíìtì tàbí eérú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ara rẹ̀ dá.

Ẹ lọ bá onímáíkírà (takisí Nissan Micra) èyíkéyìí tó ń ná Ìwó Róòdù sí Òjòó, ẹ ní kó yọ púlọ́ọ̀gì kan fún yín. Dúdú ni ẹ máa bá. Àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì yẹn ń jókòó sójú kan, ó ń jó lásán, ó ń rìn ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, ó tún dúró. Púlọ́ọ̀gì ní láti gbóná tó bíi 450 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì kó tó lè máa jó èédú ara rẹ̀ dànù. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kì í gbóná débẹ̀. Mo mọ Máíkírà kan tí èédú rẹ̀ nípọn débi pé a rò pé ọ̀la ló máa kú. Ọdún mẹ́rin ló tún lò lẹ́yìn ìgbà náà, ọ́ìlì rẹ̀ kò sì dínkù ju bó ṣe yẹ lọ.

Nítorí náà, bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá dúdú yẹn jẹ́ ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, gbé mọ́tò náà gba ọ̀nà Ifẹ̀ lọ sí Aṣéjírè, kí o sáré dáadáa lọ, kí o sì padà. Wo púlọ́ọ̀gì lẹ́yìn náà. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ń là, ọ̀rọ̀ ti tán lórí mẹ́ta yẹn. Àwọ̀ púlọ́ọ̀gì ìrìn ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn ló ń sọ. Òun kọ́ ni ìwé ìbí ẹ́ńjìnnì.

* * *

Ẹnìkan ní kí n má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ọ́ìlì, pé Toyota náà ti ní ìṣòro yìí rí. Òótọ́ ni, n kò sì jiyàn. Camry "Muscle" 2007 sí 2009 tó ní ẹ́ńjìnnì 2.4, èyí tí wọ́n ń pè ní 2AZ-FE, lórúkọ burúkú lórí mímu ọ́ìlì. Ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà nínú písítìnì rẹ̀ máa ń dí, ríìngì ọ́ìlì, òrùka irin tó yí písítìnì ká láti fá ọ́ìlì sẹ́yìn, á wá lẹ̀ mọ́ ojú kan. Toyota fúnra rẹ̀ fi kún àkókò ìdánilójú (wáráńtì) lórí wọn ní Amẹ́ríkà nítorí ẹ̀. Òṣùwọ̀n tí wọ́n sì fi dán an wò níbẹ̀ nígbà náà ni bíi lítà kan láàrin nǹkan bíi 1,900 kìlómítà. Bó bá mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n gbà pé ó ti bàjẹ́.

Corolla 1998 sí bíi 2002, tó ní 1ZZ-FE, ní irú àléébù yẹn náà. Ẹ́ńjìnnì kan náà ló wà nínú Corolla 2005 tí ìwọ fẹ́ rà, ṣùgbọ́n wọ́n ti tún písítìnì rẹ̀ ṣe kó tó di ìgbà náà. Ìyẹn kò ní kí èyí tó o rí má mu ọ́ìlì o. Ẹni tí kò bá pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò lè mú ríìngì ẹ́ńjìnnì èyíkéyìí lẹ̀.

Wàyí o, báwo ni orí písítìnì ṣe ń rí bí ọ́ìlì bá ń gba ara ríìngì gòkè? Etí rẹ̀ ni kí o wò, má wo àárín. Ọ́ìlì tó ń ṣàn gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri sílíńdà máa ń fọ etí písítìnì yíká, kó mọ́, kó tutù, nígbà tí àárín ṣì ní èédú líle tó sán bí ilẹ̀ ẹ̀rùn. Bí ó bá jẹ́ ìdí fáàfù (ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ àti èéfín lókè sílíńdà) ni ọ́ìlì ti ń jò wá, abẹ́ fáàfù yẹn nìkan ni wàá ti rí i tó ṣù jọ. Eérú funfun tó le, tó lẹ̀ bí iyọ̀ mọ́ ẹnu púlọ́ọ̀gì, òun náà jẹ́ ọ́ìlì tó ti ń jó fún ìgbà pípẹ́: oògùn inú ọ́ìlì ni, tí kò lè jóná.

Ọ̀nà mìíràn tí kò ná ẹ ní kọ́bọ̀: gun Òkè Mápó, kí o sọ̀ kalẹ̀ lórí jíà kékeré láì fẹsẹ̀ kan ibi tí a fi ń sáré. Nígbà tó o bá dé ìsàlẹ̀, tẹ̀ ẹ́ lójijì. Kí ẹnìkan máa wo ẹ̀yìn. Bí èéfín búlúù bá bù jáde lẹ́ẹ̀kan tó sì tán, sílì fáàfù, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì nídìí fáàfù, ni. Bó bá ń tú jáde ní gbogbo ìgbà tó o bá ń fi agbára sáré, ríìngì ni. Àtúnṣe sílì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ríìngì.

* * *

"Ẹ̀gbọ́n, àbí ẹni tó ń tà á ló fọ̀ ọ́ kí ẹ tó dé?"

Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ tan ẹ jẹ, kí ló máa fọ ọ̀kan ṣoṣo ṣe? Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa fọ̀.

N ò ní fi pamọ́, mo ti jìn sí kòtò yẹn rí. Mọ́tò tí mo kọ́kọ́ fi owó ara mi rà, orí písítìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ tónítóní, inú mi dùn, mo ní "ẹ wo bó ṣe mọ́". Ẹni tó tà á fún mi sọ pé obìnrin kan tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń wà á. (Ṣé ẹ rí obìnrin yẹn, ó ti ní mọ́tò tó ọgọ́rùn-ún nílùú yìí!) Oògùn ìfọ-ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fọ́n sí i. Oṣù kan àbọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, èéfín búlúù bo Ẹlẹ́yẹlé mọ́lẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé písítìnì tí wọ́n fi oògùn fọ̀ kì í mọ́ dọ́gba. Èédú máa ń ṣẹ́kù ní kọ̀rọ̀, lábẹ́ fáàfù àti lára tọ́ọ̀pù lókè. Nígbà tó jẹ́ pé èyí tí omi fọ̀ máa ń mọ́ lókè àti nísàlẹ̀: orí písítìnì, ojú tọ́ọ̀pù, púlọ́ọ̀gì, gbogbo rẹ̀ á mọ́ tónítóní. Yí kámẹ́rà náà, wo òkè. Bí kò bá ní dígí, yí orí rẹ̀ padà.

Ohun kan tún wà tó máa ń tan àwọn èèyàn: ojú kékeré tó mọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, níbi tí epo ti ń wọlé. Epo tó ń ṣẹ́ sí i láti ọ̀dọ̀ ínjẹ́kítọ̀ ló ń fọ ibẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sábà máa ń ní in. Kò burú.

* * *

Ẹni tó béèrè padà wá: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti lọ. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ni òun ń bu omi, ó ní oòrùn ló ń fà á. Mo ṣí ìdérí ọ́ìlì, kò sí kinní funfun bí ògì níbẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní bí kò bá ti sí ògì, gáásìkẹ́ẹ̀tì pé. Mo sì tún rí ìlà gbọọrọ gbọọrọ lára ògiri sílíńdà kejì."

Oòrùn Ìbàdàn kò ti inú rédíétọ̀ tó dé fa omi, àbúrò. Rédíétọ̀ kì í ṣe agbada.

Ọ̀rọ̀ ògì yẹn, ìdajì òótọ́ ni. Gáásìkẹ́ẹ̀tì lè jó láàrin omi àti ọ́ìlì, ìgbà yẹn lo máa rí ògì. Ó sì lè jó láàrin omi àti sílíńdà nìkan, ọ́ìlì á mọ́ kedere, mọ́tò á sì máa mu omi. Irú èyí ni mo rò pé o ní. Lódìkejì, ògì fẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ ìdérí lè jẹ́ ìrì lásán nínú mọ́tò tí kì í rìn jìnnà, pàápàá lásìkò ọyẹ́.

Àwọn òyìnbó máa ń sọ pé kí a gbóòórùn sàlẹ́ńsà, bó bá ń rùn dídùn, omi rédíétọ̀ ló ń jó. Èyí ṣeé ṣe níbi tí wọ́n ti ń lo kúláǹtì gidi, omi tí wọ́n dìídì ṣe fún rédíétọ̀. Níbí tó jẹ́ omi ẹ̀rọ ni ìdajì wa ń bù sí i, ooru omi lásán kò ní òórùn kankan. Má tìtorí pé kò rùn kí o ní kò sí nǹkan.

Ohun tó o máa ṣe rèé. Dé ibẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kó tó tan mọ́tò náà rárá, fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kó dá ọ lójú pé ó tutù. Ṣí ìdérí rédíétọ̀. Tan ẹ́ńjìnnì. Bó bá ń gbọ̀n fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó dọ́gba, omi ti kán sí sílíńdà lóru. Wo inú rédíétọ̀: àwọn ìfóófòó tí kò dáwọ́ dúró jẹ́ afẹ́fẹ́ sílíńdà tó ń sá gba ibẹ̀ jáde. Bí mẹkáníìkì rẹ bá ní ike aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń gbé lé ẹnu rédíétọ̀, ó dára jù: bí omi búlúù inú rẹ̀ bá di yẹ́lò, èéfín ẹ́ńjìnnì ti dàpọ̀ mọ́ omi. Má ṣí ìdérí yẹn lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná láé, á bó ẹ lójú.

Ríwáyà tó ní sikáànì náà wúlò. P0303 túmọ̀ sí pé sílíńdà kẹta kò jó dáadáa. Bí kò bá sí kóòdù kankan, kó wò ó bóyá àwọn àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà mọ́tò ń ṣe fúnra rẹ̀ ti parí. Bí púpọ̀ nínú wọn kò bá tíì parí, ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ tàbí yọ bátìrì.

Ìlà ara ògiri yẹn ńkọ́? Kámẹ́rà kékeré máa ń sọ ìlà irun di gọ́tà. Bí ìlà tó dábùú ara wọn láti ilé iṣẹ́ bá ṣì hàn lábẹ́ rẹ̀, gbàgbé ẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ti dán bíi dígí tí ìlà òòró sì jìn, kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn wíwọn agbára tí písítìnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, ló máa yanjú ẹ̀.

* * *

Kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n. Mo mọ̀ pé a máa jà dé orí ẹ̀. Àwọn kan ṣì ń fi àtàǹpàkò dí ihò púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n wá ní "ó ń fẹ́ dáadáa". Àtàǹpàkò ẹnikẹ́ni kò lè mọ ìyàtọ̀ 120 sí 170. Ẹ ra gééjì.

Kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níta, kí wọ́n yọ fíúsì epo àti ti kọ́ìlì, kí bátìrì lágbára, kí ẹnìkan sì tẹ ibi tí a fi ń sáré mọ́lẹ̀ pátápátá. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Bí afẹ́fẹ́ kò bá ráyè wọlé, ẹ́ńjìnnì tó dára gan-an á dà bí aláìsàn lórí gééjì. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tó dára sábà máa ń wà láàrin 150 sí 200 psi (òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ lórí gééjì). Sí mi, bí wọ́n ṣe bára wọn dọ́gba ṣe pàtàkì ju iye wọn lọ. Bí ọ̀kan bá fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún rẹlẹ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, da ọ́ìlì bíi ṣíbí kékeré kan sínú ihò rẹ̀, kí o tún un wọ̀n. Bó bá gòkè, ríìngì ni. Bí kò bá kúrò lójú kan, fáàfù tàbí gáásìkẹ́ẹ̀tì ni.

Ẹ rántí pé èédú tó nípọn ń gba àyè nínú sílíńdà, ó lè sọ nọ́ńbà di ńlá. Mo ti rí ẹ́ńjìnnì tó ń mu ọ́ìlì tí gééjì rẹ̀ sì ga ju ti tuntun lọ.

* * *

Ìyá kan tó ní Máíkírà méjì lójú ọ̀nà béèrè bóyá kí òun gba awakọ̀ òun láyè láti da oògùn sínú ihò púlọ́ọ̀gì kó lè yọ èédú. Mà, ó lè ṣiṣẹ́ bó bá jẹ́ pé ríìngì ló lẹ̀. Wọ́n á dà á sí i díẹ̀ díẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má dá púlọ́ọ̀gì padà kí wọ́n tó yí ẹ́ńjìnnì láti fẹ́ gbogbo omi náà jáde. Omi kò ṣeé fún pọ̀. Bó bá ṣẹ́kù lórí písítìnì tí púlọ́ọ̀gì sì ti dí ẹnu ihò, ọ̀pá tó gbé písítìnì dúró ló máa tẹ̀. Kí wọ́n sì pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí oògùn náà ti ṣàn lọ sísàlẹ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta pááàtì ní Géètì ní kí àbúrò yìí má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú, kó ra mọ́tò náà, kó sì wá gbé ẹ́ńjìnnì Bẹ́ljíọ̀mù (àlòkù tó ti òkè òkun dé) lọ́dọ̀ òun. Ẹ kú ọjà o. Ẹ́ńjìnnì tó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kò ní omi, kò ní bátìrì, a ò lè tan án kí a gbọ́ ohùn rẹ̀. Níbẹ̀ gan-an ni ojú písítìnì ti níye lórí jù. Bí ẹ bá ti fẹ́ ra irú ẹ̀, ẹ wá ìpẹtà pupa lára ògiri sílíńdà; bó bá wà, òjò ti wọ ibẹ̀. Ẹ wo bóyá ojú písítìnì ní àpá bí ìgbà tí ẹyẹ ṣá a jẹ, tàbí èérún irin wínníwínní lára púlọ́ọ̀gì. Irin písítìnì ló ti ń yọ́ nítorí ooru tó pọ̀ jù. Ẹ wo bóyá ìlà tó dà bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé wà lórí rẹ̀: fáàfù ti gbá a rí. Èyíkéyìí nínú mẹ́ta yìí, ẹ gbé e sílẹ̀. Àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ lórí púlọ́ọ̀gì nìkan kò tó kí ẹ sá, ó lè jẹ́ ohun tí wọ́n pò mọ́ epo.

* * *

"Ẹ̀gbọ́n, mo dé ibẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Ó gbọ̀n bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Èéfín funfun jáde, ó sì dáwọ́ dúró. Ìfóófòó kò dáwọ́ dúró nínú rédíétọ̀. Kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n: 172, 170, 148, 174. A da ọ́ìlì sí ìkẹta, ó dúró sí 149. Ọkùnrin náà ti gbà pé òun mọ̀. Ó ní kí n dá iye owó tí mo fẹ́ san."

Ó tó. Mẹ́ta tó dúdú yẹn pé, ìkẹta tó mọ́ ló ń ṣàìsàn. Mọ́tò náà ṣeé rà bí owó rẹ̀ bá wálẹ̀. Yọ owó gáásìkẹ́ẹ̀tì, bóòtì tọ́ọ̀pù tuntun, iṣẹ́ ẹni tó máa fá ojú tọ́ọ̀pù, kúláǹtì gidi àti owó iṣẹ́ mẹkáníìkì, kí o tún fi ìdajì lé e. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì náà ti gbóná débi pé ó kú lójú ọ̀nà rí. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n gbé tọ́ọ̀pù náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi afẹ́fẹ́ dán an wò bóyá ó ti sán, kí o tó ra gáásìkẹ́ẹ̀tì kankan. Bó bá kọ̀ láti dínwó, Corolla pọ̀ ní Rìǹgì Róòdù. Nígbà tí wọ́n bá ṣí i, ya fọ́tò ìkejì fún mi, mo ṣì fẹ́ rí ìlà ara ògiri yẹn.